Ojú Tó Wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Òbí tó ń wá ibi tí yóò mú ọmọ lọ lópin ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́ ní Kétu ti ilẹ̀ Benin, kó ronú sí òwe yìí.

Lóòótọ́, ọyẹ́ a máa bó ni létè, eruku a sì gba ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òjò kò ní da eré rú. Ẹ fi òrí pa ọmọ lára, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ tó nípọn, kí ẹ kọ́kọ́ mú un dé Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. Ẹ jẹ́ kó wo ògiri amọ̀ ẹnubodè náà, kó béèrè ohun tí wọ́n gbẹ́ yàrà fún. Ẹ sọ fún un pé ogun Dàhọ̀mì run ìlú yìí ní 1886, ṣùgbọ́n ìlú náà tún dìde.

Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá wá ń jó ládùúgbò, ẹ gbé ọmọ náà lé èjìká. Ère orí oníjó lè gbé ejò, ẹyẹ, kódà mọ́tò. Ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa dá ìlù lóhùn. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá aráyé láti 2001. Èmi ò rí eré inú fóònù tó tó o.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àgbà àdúgbò léèrè ọjọ́ ijó, kí ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́ lọ.