Ẹni Tó Ra Òórùn Ẹtà

Ní ọdún 1692, oníṣòwò kan lẹ́bàá Lọ́ńdọ́ọ̀nù ra ẹtà bí 70 pa pọ̀. Ẹtà tí a mọ̀ náà ni, ẹran òru tó ń kó wa ní adìyẹ, tí ọdẹ Ìgbómìnà lè gbóòórùn rẹ̀ lára igi kó tó rí ojú rẹ̀. Oníṣòwò yìí kò fẹ́ jẹ ẹran rẹ̀, kò sì fẹ́ awọ rẹ̀. Òórùn yẹn gan-an ló rà. Daniel Defoe ni orúkọ rẹ̀, ẹni tó wá kọ Robinson Crusoe ní 1719, ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà nílé ẹ̀kọ́.

Bí o bá sọ fún àgbà kan ní Òmùpo nílẹ̀ Ìgbómìnà pé ènìyàn fowó ra òórùn ẹtà, yóò béèrè bóyá imú onítọ̀hún ti dí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà nídìí. Ẹtà, àtakọ àtabo, ní àpò kan lábẹ́ ìrù tó ń sun ọ̀rá kan bí òrí. Ó máa ń fi í sàmì sára igi àti òkúta, kí ẹtà mìíràn lè mọ̀ pé ibẹ̀ ti lẹ́ni. Bí ọ̀rá yìí bá pọ̀ nímú, èébì ló ń gbé wá. Bí wọ́n bá bu ín-ń-tín rẹ̀ sínú ọtí líle, tí wọ́n sì pò ó mọ́ òróró òdòdó, ó di òórùn dídùn tí kì í tètè ṣí lára aṣọ. Owó ńlá ni àwọn ọlọ́lá Yúróòpù ń ná lé e lórí nígbà náà. Títí di òní, àwọn àgbẹ̀ kan ní Etiópíà ṣì ń há ẹtà mọ́ inú àgò tóóró, tí wọ́n ń ha ọ̀rá náà fún àwọn aṣelọ́fínńdà. Ìyà gidi ni fún ẹran náà.

Iye tí wọ́n dá lé ẹtà Defoe lé ní pọ́n-ùn 850. Kò ní owó tó tó bẹ́ẹ̀. Ó san díẹ̀, ó yá díẹ̀, ó sì fi nínú èyí tó yá san gbèsè mìíràn. Kò pẹ́ tí àwọn agbófinró fi gba ẹtà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀, Joan Tuffley, ló wá fi owó tirẹ̀ rà wọ́n. Nígbà tó yá ló hàn pé ẹlòmíì ti ní ẹ̀tọ́ lórí àwọn ẹran náà nítorí gbèsè ọkọ ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà pe Defoe lẹ́jọ́. Àna tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún lọ́dọ̀ tiwa! Lọ́dún yẹn kan náà ni okòwò Defoe dẹnu kọlẹ̀, gbèsè ọrùn rẹ̀ sì tó pọ́n-ùn 17,000. Kí n má parọ́ mọ́ ẹtà, kì í ṣe àwọn nìkan ló fà á. Ó ti fi owó dúró fún àwọn ọkọ̀ ojú omi nígbà ogun Faransé, ibẹ̀ náà sì gbé owó rẹ̀ lọ.

Lójú tèmi, òórùn ni Defoe ṣírò, kò ṣírò ẹran. Ọ̀rá ẹtà, díẹ̀díẹ̀ ló ń sun. Àádọ́rin ẹnu ẹran kì í dúró de ọjọ́ ọjà ní tiwọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹun.

Àwọn tó ń ra ferret lónìí yí ìṣírò yìí padà ni. Ferret ni ẹran kékeré, gígùn, tí àwọn òyìnbó ti ń fi lé ehoro jáde nínú ihò tipẹ́, tó sì ti di ẹran ọ̀sìn inú yàrá báyìí. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù náà ń bẹ òbí wọn pé kí wọ́n rà á fáwọn. Ẹran yìí lẹ́wà, eré rẹ̀ sì pọ̀. Ẹwà ni wọ́n ń ṣírò, kò sẹ́ni tó ń ṣírò òórùn. Bí yàrá bá wá ń rùn, ọṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré mú. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́ lónìí, wọ́n á tún wẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-únla. Wọn ò mọ̀ pé awọ ara rẹ̀ ló ń sun ọ̀rá tó ń rùn. Bí ọṣẹ bá bó o kúrò, ara á sun òmíràn, ó sì lè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn mìíràn a ní kí dókítà ẹran gé àpò òórùn tó wà nídìí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ferret ni wọ́n ti gé e fún kí wọ́n tó dé ọjà. Àwọn dókítà ẹran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fara mọ́ ọn àfi bí àìsàn bá fà á. Àṣedànù ni lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí òórùn àpò yẹn kì í jáde àfi tí ẹ̀rù bá ba ẹran náà, kì í sì í pẹ́ tó fi ń lọ. Ohun tó ń dín òórùn kù kò ṣòro: kí a máa fọ aṣọ tó ń sùn lé, kí a máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí a sì tẹ akọ lọ́dàá, torí ìgbà gígùn ni òórùn akọ máa ń le jù. Ti abo tilẹ̀ gba àkíyèsí ju ti òórùn lọ. Bí àkókò gígùn rẹ̀ bá dé tí kò rí akọ, tí dókítà kò sì dá sí i, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gbẹ títí yóò fi kú.

Ní Òmùpo, òbúkọ ti kọ́ wa ní gbogbo èyí. Àwọn ọmọkùnrin a fi ọṣẹ ìfọṣọ bó o láàárọ̀, kó tó dalẹ́ ó ti tọ̀ sí irùngbọ̀n ara rẹ̀ padà, torí bó ṣe ń pe abo nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré kì í rùn bẹ́ẹ̀, ó sì ń sanra. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí ewúrẹ́ rẹ̀ bímọ kò lè tẹ gbogbo wọn. Kí onítọ̀hún wo atẹ́gùn kó tó kọ́lé ẹran: ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti apá àríwá, atẹ́gùn òjò ń ti gúúsù bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí méjèèjì kì í gbà wọ yàrá ni kó kọ́ ọ sí, kí ó sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀ ṣáájú.

Ti ọmọ ẹtà tí àgbẹ̀ bá pàdé nígbà tó ń ṣánko ló yàtọ̀, bí àwọn ọmọ ilé tilẹ̀ ń sunkún pé kí ó gbé e wálé. Bí ó bá dàgbà, ó lè tó kílò 15, ojú ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ tábìlì àti ara ògiri ni yóò sì máa fi ìdí nù. Kí ó fi í sílẹ̀ níbi tó bá a. Ìyá rẹ̀ kì í sábà jìnnà.