Bí A Bá Ta Ilé Bàbá, Kí Ni Ká Kó?

Bí àwọn ọmọ bá fẹnu kò láti ta ilé bàbá wọn, ọ̀rọ̀ owó lè tètè yanjú. Ti ẹrù ló máa ń di gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Ta ni yóò tú fáànù? Ta ló ni àpótí aṣọ ìyá? Kí la fẹ́ ṣe sí ojúbọ ẹ̀yìnkùlé, àti sàréè bàbá tí wọ́n fi táìsì bò lójúde? Ifá sọ̀rọ̀ sí i.

Nínú odù Ìwòrì Méjì, ọmọ mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà bí. Ó ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Àwọn méje forí balẹ̀, wọ́n kí bàbá wọn. Ọlọ́wọ̀, ìkẹjọ, kọ̀. Ó ní aṣọ olówó ńlá tí bàbá wọ̀, òun náà wọ̀ ọ́. Ọ̀pá ọ̀sùn, òun náà ní in. Bàtà idẹ ń bẹ lẹ́sẹ̀ òun, adé sì ń bẹ lórí òun. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó fi ayé sílẹ̀, nǹkan sì dàrú. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́, kò padà mọ́. Ikin Ifá mẹ́rìndínlógún ló kó fún wọn, ó ní ikin náà ni kí wọ́n máa bi léèrè bí wọ́n bá ń wá ire.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn yìí wò dáadáa. Gbogbo ohun tí Ọlọ́wọ̀ kà sílẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí bàbá fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹrù ló lé bàbá lọ. Ohun tó kó fún wọn kò ju ohun tí àwo kékeré kan lè gbà, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ bàbá fún wa ni ká kọ́kọ́ kó. Bí bàbá bá jẹ́ babaláwo, ikin àti ọpọ́n rẹ̀ kì í ṣe ọjà. Bí kò tilẹ̀ sí ọmọ tó tẹ̀lé ìṣẹ̀ṣe mọ́, ẹ kó o fún àgbà awo. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún onílé tuntun láti dà sí ààtàn. Ẹ kó ìwé tí bàbá kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí pẹ̀lú, àti fọ́tò ara ògiri.

Odù Ògúndá Méjì wá bi wá pé, nínú àwọn òrìṣà, ta ló lè bá olùsìn rẹ̀ rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn láìpadà? Ṣàngó ní òun lè lọ. Wọ́n ní bó bá dé Kòso ńkọ́, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro àmàlà fún un? Ó ní bí òun bá yó, òun á padà sílé òun. Bẹ́ẹ̀ ni Ọya ní Ìrá, bẹ́ẹ̀ ni Ògún ní Ìrè. Orí nìkan ni kò padà lẹ́yìn ẹni. Bí òrìṣà bá nílé tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, kò yẹ kójú ti ọmọ tó ń sunkún nítorí ilé bàbá rẹ̀. Àmọ́ orí rẹ̀ kò sí lára ògiri. Kò sí ẹni tó lè rà á mọ́ ilé.

Nítorí náà, ilẹ̀kùn, fèrèsé, kànga àti igi ọsàn, ti ilé ni. Ẹni tó bá lọ tú wáyà àti ẹ̀rọ omi lóru lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó, Ọlọ́wọ̀ kejì ni. Èyí tí ẹ bá fẹ́ mú níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ kí owó tó wọlé, kó sì wà nínú ìwé àdéhùn.

Sàréè ló le jù. Ẹ má bò ó mọ́ra kí ilé lè tà. Kí olórí ẹbí àti ojúlé kọ̀ọ̀kan jọ pinnu bóyá wọn yóò yọ apá ibẹ̀ kúrò nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà, kí ọ̀nà àtiwọlé sì wà nínú ìwé. Kí ẹni tó ń rà fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tó bá fi sàréè bàbá pamọ́ nítorí owó ti ta bàbá mọ́ ilé.