Ọ̀dà Tuntun Lára Ògiri: Ǹjẹ́ Dandan Ni Kí A Sọ Àléébù Ilé?



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fún wa ní ibùgbé. Nílé wa ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni a dàgbà láìmọ ohun tí à ń pè ní owó ilé. Ilé bàbá ni wọ́n bí wa sí. Ẹni tí ògiri rẹ̀ kan tiwa, ìbátan wa ni. Ìgbà tí ilé-ìwé tàbí iṣẹ́ bá gbé wa dé Kábbà, Lọ́kọ́jà, Ìlọrin tàbí Àbújá ni a ń di ayálégbé. Nígbà náà ni ìbéèrè kan tí ilé bàbá kò kọ́ wa máa ń yọjú: ẹni tí ó mọ àléébù ilé, ǹjẹ́ dandan ni kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ gbà á?

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àwa mẹ́ta wá yàrá àti pálọ̀ lọ sí Lọ́kọ́jà. Gbogbo wa mọ̀ pé ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Ní ọdún 2012, odò méjèèjì kún dé inú ìlú. Adankolo àti Ganaja wà lára àdúgbò tí omi wọ̀. Àjọ NEMA ṣírò rẹ̀ nígbà náà pé ènìyàn 363 ni omíyalé ọdún náà pa jákèjádò Nàìjíríà, àti pé ó lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni wá nígbà yẹn, ọ̀gbẹlẹ̀ ni a sì dé Lọ́kọ́jà. Ilé tí a rí gbẹ táútáú. Ọ̀dà tuntun wà lára ògiri láti ilẹ̀ dé àyà. Ti òkè ti ṣá. Ajẹ́ńtì ní onílé fẹ́ràn ìmọ́tótó ni. A san owó ọdún méjì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, odò tún kún. Omi wọlé dé ibi tí ọ̀dà tuntun náà parí sí gẹ́lẹ́. Orí ni a fi ru ẹrù wa jáde. Nígbà náà ni ó tó yé wa pé ẹni tí ó kun ògiri yẹn mọ ohun tí ó ń bò.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó ń gba ilé ní ojú, kí ó wò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí oníṣòwò kan ní ọjà, ní ayé Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ rẹ̀, ọwọ́ náà sì kan ibi tí ó tutù nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ni. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹ kíyè sí i: wọn kò dá oníṣòwò náà lẹ́bi òjò. Bíbò tí ó bo ibi tí ó tutù ni ẹ̀bi rẹ̀. Ojú ẹni tí ó ń rà kò lè dé ìsàlẹ̀ òkìtì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dé abẹ́ ọ̀dà.

Àwọn mìíràn ní bí a bá sọ àléébù ilé onílé, a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Òótọ́ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fátímà ọmọ Qays wá gba ìmọ̀ràn lórí ọkùnrin méjì tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ẹ, Ànábì sọ àléébù àwọn méjèèjì fún un láìfi bò. Imáàmù Nawawi náà ka ìmọ̀ràn lórí ìgbéyàwó, òwò àti àdúgbò gbígbé mọ́ àwọn ibi tí a ti yọ̀ǹda kí a sọ àléébù. Èyí tí ó bá kan ohun tí wọ́n bi wá ni kí á sọ. Bí onílé ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ gbé kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó le jù: onílé náà fẹ́ jẹun. Ó lè jẹ́ opó tí kò ní ohun mìíràn. Èsì wa ni pé òtítọ́ kò ní kí ó má gba owó ilé. Ìlò ilé ni à ń san owó lé lórí. Ilé tí a kò lè lò fún oṣù kan tàbí méjì lọ́dún, kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Tálákà tí ó bá mọ̀ lè gbà á, kí ó sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí omi tó dé. Ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì gbà, ó yàn án fúnra rẹ̀. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó mọ̀, àwa ni a yàn án fún un.

Ó rọrùn láti sọ èyí nípa ẹlòmíràn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, a fẹ́ kúrò níbẹ̀. Owó ọdún kan ó lé díẹ̀ ṣì kù nílẹ̀. Onílé ní bí a bá rí ẹni tí yóò gba ilé, òun yóò dá a padà fún wa. Ó ti tún ògiri kùn. Ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì dé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. Ṣé ilé yìí dáa?" A ní yàrá rẹ̀ fẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé, kò sì jìnnà sójú títì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ irọ́ ni a pa, nítorí a mọ ohun tí ó ń béèrè.

Oorun kò kùn wá lóru ọjọ́ náà. Ní àárọ̀, kí ó tó sanwó, a pè é, a fi ibi tí omi dé hàn án. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ọ̀kan nínú wa bínú títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò sì dá a lẹ́bi, nítorí owó náà kò padà wá títí di òní.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jáde tí ó fi koríko bo kòtò, ọgbọ́n wo ni ó kọ́ ẹnikẹ́ni?

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ń wá ilé, ẹ má bi ajẹ́ńtì nìkan. Ẹ bi ìyá tí ń ta àkàrà ládùúgbò pé níbo ni omi dé ní 2012 àti 2022. Ẹ bi ayálégbé tí ó ń kó jáde pé kí ló ń lé e lọ. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ń kó jáde, ẹ dáhùn kí wọ́n tó bi yín.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ibùgbé tí ó ní alubarika, kí Ó sì fún wa ní ahọ́n tí yóò sọ òtítọ́ bí ó tilẹ̀ mú owó lọ. Àmín.