Isà-Òkú Tí A Fi Pamọ́

Ibi kíkà: Deuteronomi 34:5-6, 2 Àwọn Ọba 13:20-21 àti 18:4, Matteu 19:21

Ní ọdún 356, nígbà tí Antony rí i pé ikú òun kù sí dẹ̀dẹ̀, ó pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn méjì tí ń tọ́jú rẹ̀ ní aṣálẹ̀ Íjíbítì, ó sì pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n sin òun, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ojú orórì náà. A sọ pé ẹni ọdún 105 ni. Èé ṣe tí bàbá arúgbó yìí fi ń bẹ̀rù isà-òkú ara rẹ̀?

Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, sọ ìdí rẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì a máa fi aṣọ wé òkú àwọn ènìyàn mímọ́, wọn a sì tẹ́ wọn sórí ibùsùn nínú ilé dípò kí wọ́n sin wọ́n. Wọ́n rò pé ọlá ni àwọn ń bù fún wọn. Antony kò fẹ́ irú ọlá bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé ó kórìíra ènìyàn. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ni. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Matteu 19:21 nínú ilé ìsìn, ó sì fi ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 200 ẹ́kà, tí àwọn òbí rẹ̀ fi sílẹ̀, fún àwọn ará abúlé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó fi sọ́dọ̀ àwọn wúńdíá tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. (Bí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì bá rántí 1 Timoteu 5:8 níbí, kí olùkọ́ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Èmi pẹ̀lú rò ó.) Ó dá gbé inú ilé olódi àwókù kan fún nǹkan bí 20 ọdún. Síbẹ̀, nígbà inúnibíni ọdún 311, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Alẹkisáńdíríà láti ran àwọn Kristẹni tí ó wà nínú túbú lọ́wọ́. Ó dá oko ẹ̀fọ́ pẹ̀lú, kí àwọn àlejò lè rí nǹkan jẹ.

Ní ọdún 561, wọ́n kéde pé a ti rí òkú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Alẹkisáńdíríà. Lẹ́yìn náà, àwọn egungun tí a pè ní tirẹ̀ dé ilẹ̀ Faransé, àwọn aláìsàn sì ń rọ́ lọ síbẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé, egungun Eliṣa ńkọ́, èyí tí ó jí òkú dìde? Ìbéèrè rere ni, kò sì yẹ kí a sá fún un. Ọlọ́run ni ó ṣe é. A kò sì kà á pé Ísírẹ́lì wú egungun náà láti máa gbé e kiri. Ejò idẹ pàápàá, tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ pàṣẹ kí a ṣe, Hesekíà fọ́ ọ túútúú nígbà tí àwọn ènìyàn ń sun tùràrí sí i. Ẹ̀wẹ̀, Antony kò kọ ìrántí. Ó fi awọ àgùntàn kan fún Athanasius, èkejì fún bíṣọ́ọ̀bù Serapion, wọ́n sì ṣìkẹ́ wọn. Ohun tí ó fi fúnni ni wọ́n gbà. Òkú rẹ̀ ni kò fi fún ẹnikẹ́ni.

Ó rọrùn fún àwa Onítẹ̀bọmi láti dá àwọn ará ìgbàanì lẹ́bi, nítorí a kì í gbàdúrà sí egungun. Ṣùgbọ́n baba tí ó wí fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ gbèsè nítorí ìsìnkú òun, tí wọ́n wá jẹ ẹ́, tí wọ́n pa màlúù, tí wọ́n sì dá aṣọ ẹbí: ta ni wọ́n bu ọlá fún?