Ẹ Rántí Gbogbo Ọ̀nà Náà



Ẹsẹ tí a mú fún oṣù yìí wà nínú Deuteronómì, orí kẹjọ, ẹsẹ kejì. Níbẹ̀ ni Mósè ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísráẹ́lì, bí wọ́n ti fẹ́ rékọjá Jọ́dánì, pé kí wọ́n rántí gbogbo ọ̀nà tí Ọlọ́run mú wọn tọ̀ nínú aginjù fún ogójì ọdún. Ẹ kíyèsí i pé kò wí pé kí wọ́n rántí ibi tí ọ̀nà gbé dára nìkan. Gbogbo ọ̀nà ni ó wí. Mánà wà nínú rẹ̀, òùngbẹ sì wà nínú rẹ̀; Òkun Pupa wà nínú rẹ̀, ère ọmọ màlúù sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń ka ìwé yìí ni ó ti tó ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún tí a ti jáde ní ilé-ìwé girama. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ bá tún pàdé, ìbéèrè mẹ́ta ni ó máa ń ṣíwájú: Iṣẹ́ wo ni o ń ṣe? Ọmọ mélòó ni o bí? Ìlú wo ni o ti dé? Ẹni tí ó ní ìdáhùn tí ó dùn a gbé orí rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kì í wá rárá: ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí kò rí ọmọ bí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ràn. Wọ́n a ní àwọn kò ní ohun tí àwọn yóò sọ láàárín ẹgbẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí inú rẹ̀ dùn pẹ̀lú tẹ́tí sílẹ̀.

Àwọn àgbà wa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn ọmọ ilé-ìwé kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, èyíinì ni Samuel Àjàyí Crowther.

Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú òkun, a sì kó wọn lọ sí Sìẹ̀rá Léónè. Níbẹ̀ ni a fi í sí ilé-ìwé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó lè ka Májẹ̀mú Tuntun, a sì fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ tísà, kọ́bọ̀ méje ààbọ̀ ni owó rẹ̀ lóṣù. Ní 1827 ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1837 òun tìkára rẹ̀ bojú wo ẹ̀yìn, ó kọ ìtàn bí a ti kó o lẹ́rú sínú ìwé. Ó pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n ó ní a ti kọ́ òun láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún pẹ̀lú.

Bí a bá bi í ní ti iṣẹ́, ó ní ohun tí yóò wí. Ó di alùfáà ní 1843. Ní 1864 a fi í jẹ Bíṣọ́pù ní Canterbury, ọmọ ilẹ̀ Áfríkà àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà tí ó dé ipò náà. Òun ni ó ṣíwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

Bí a bá bi í ní ti ìdílé, Asano, ẹni tí a jọ kó lẹ́rú, ni ó fẹ́ ní 1829. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abigail, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá Ilé-Ìwé Girama C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún rí ìyá rẹ̀, Afàlá, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé sì ń dà lójú ìyá náà. Ní 1848 a ṣe ìrìbọmi fún un.

Bí a bá sì bi í ní ti ìrìn-àjò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bá àwọn òyìnbó gòkè Odò Ọya, ní 1841, 1854 àti 1857. Ní ìgbà ìkẹta, ọkọ̀ wọn fọ́ nítòsí Jẹ́bà.

Bí a bá parí ìtàn níbí, yóò dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà ni Mósè wí. Asano kú ní 1880. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́mọdé míṣọ́nnárì òyìnbó dìde sí iṣẹ́ Odò Ọya, wọ́n sì dá àwọn alùfáà àti òṣìṣẹ́ tí bàbá àgbàlagbà náà ti fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ dúró. Ó fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Àìsàn kọlù ú ní ọdún kejì, ó sì sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ó bá ṣe pé ní ọdún náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè é sí ìpàdé, kí ni ìbá wí? Ẹni tí ó bá ṣírò ayé rẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò ní òfo ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò tíì parí. Ní 1892 ọmọ rẹ̀, Dandeson, ń ṣe olórí ìjọ ní ẹkùn ẹnu Odò Ọya. Ní 2014, ní Canterbury kan náà, Bíṣọ́pù Àgbà Justin Welby tọrọ ìdáríjì nítorí ohun tí Ìjọ ṣe sí i. Èdè tí a fi ń ka ẹ̀kọ́ nínú ìjọ wa ní ọjọ́ Ìsinmi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí kò ṣẹlẹ̀ ní ojú rẹ̀. Mósè pẹ̀lú kò rékọjá Jọ́dánì.

Nítorí náà, ìwọ tí ó ń fi ara pamọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ, jáde wá. Ìwé ìṣirò ayé rẹ kò sí lọ́wọ́ wọn, kò sì sí lọ́wọ́ ìwọ fúnra rẹ. Ìwọ tí ó rí ṣe, má ṣe fi ìbéèrè mẹ́ta nì pàdé arákùnrin rẹ. Bi í bí ara rẹ̀ ti le, kí o sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Ẹ bẹ ilé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tí ó ti kú wò, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ wọn irú ọmọ ilé-ìwé tí bàbá tàbí ìyá wọn jẹ́.

Ẹ̀yin tísà, ẹni tí ó fi A B D hàn ọmọ ẹrú nì ní Sìẹ̀rá Léónè kò mọ̀ pé Bíṣọ́pù ni òun ń kọ́. Ẹ má ṣe gàn ẹnikẹ́ni tí ó jókòó níwájú yín ní ọ̀la.

Kí Ọlọ́run tí ó mú wa tọ ọ̀nà títí dé ìhín fún wa ní ọkàn tí ń rántí. Àmín.