Ilé Kan, Yàrà Kan

Tí a bá ti dárúkọ yàrà nílẹ̀ wa, ìlú lọkàn ń lọ sí. Eredo Ṣùńgbọ́ gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ó gba ìlú, ó gba oko, ó gba igbó Ìjẹ̀bú mọ́ra. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kò fi tíì kúrò ní Baddesley Clinton, ní Warwickshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yàrà wà níbẹ̀, omi kún inú rẹ̀, ilé kan ṣoṣo ló sì yí ká.

Ta ni àwọn tó gbẹ́ ẹ ń sá fún? Olè lè rí omi lóru kó padà, ṣùgbọ́n irú yàrà yẹn kò lè dá ogun gidi dúró. Ilẹ̀ amọ̀ tí kì í tètè fa omi mu ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ẹ sí. Wọ́n á wa amọ̀, wọ́n á kó o sáàárín kí ìdí ilé lè ga kúrò nínú ẹrẹ̀. Kòtò á kún, wọ́n á sin ẹja nínú rẹ̀. Bí iná bá sì ràn mọ́ òrùlé, omi ò jìnnà.

Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Igbó Arden ni agbègbè náà. Láàrin 1200 sí 1300, wọ́n ń ṣán an, wọ́n ń sọ ọ́ doko, ọ̀pọ̀ sì kọ́lé sídìí oko tó ṣán dípò kó wọnú abúlé. Ilé tó dá wà báyìí, tí kò ní ògiri aládùúgbò tí yóò fẹ̀yìn tì, ó ní láti ṣe ìlú fún ara rẹ̀. Ìjòyè onílẹ̀ gbẹ́ yàrà. Àgbẹ̀ tó rí jájẹ wò ó, òun náà gbẹ́ tirẹ̀. Èyí tí a mọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé ní 5,000, láàrin 1250 sí 1350 ni wọ́n sì gbẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tó wa amọ̀ tútù yẹn: ta ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà ti dahoro. Mo bá ọ̀kan pàdé nínú pápá màlúù: ilẹ̀ gíga onígun mẹ́rin, kòtò yí i ká, kò sí òkúta kan lórí rẹ̀. Èsìsì tiwọn ló bo ibẹ̀, ewé tó ń jóni lára bíi tiwa. Ibi tí eérú, ìgbẹ́ ẹran àti ààtàn bá ti pẹ́ nínú ilẹ̀ ló ti máa ń ṣe dáadáa. Mo dúró pẹ́, mo ń wo igun kan tó ti ga jù, tó sì dúdú jù. Bóyá ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn nìyẹn.