Òṣùwọ̀n Wo La Fi Ń Wọn Orin?

Kí là ń wá gan-an tí a bá ní kí wọ́n fi orin tọ́jú ọmọ tó ní ọ́tísìmù? Bó bá jẹ́ pé kó lè dà bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ẹ̀rí kò fẹnu kò. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017, lórí ọmọ 364 ní orílẹ̀-èdè 9, rí i pé lẹ́yìn oṣù 5, àfikún orin kò dín àmì ọ́tísìmù wọn kù ju ìtọ́jú lásán lọ. Àkójọ ìwádìí 26 tó jáde ní 2022 sọ pé ire díẹ̀ wà níbẹ̀, títí kan bí ayé ṣe ń rọ ọmọ lọ́rùn. Ẹlòmíràn á ní kí la wá ń náwó sí. Èsì mi ni pé òṣùwọ̀n ló wọ́: bí a ṣe ń gbọ́ ọmọ ló yẹ ká fi wọn orin. Paul Nordoff àti Clive Robbins, tó jọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tọ́jú ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1959, kò fi orin pàṣẹ: ohùn tàbí ìlù tí ọmọ bá dá ni dùùrù wọn máa ń gbè.

Ọmọ dá, àgbà gbè. Òbí á sì gbọ́ pé ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ní ohun tó ń sọ. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá fi wo àfín àti abuké, tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà: ìrísí ọ̀tọ̀ kò sọ wọ́n di ẹ̀dá àbọ̀. Ṣé ká wá jókòó tẹtẹrẹ, ká má kọ́ ọmọ ní nǹkan? Rárá o. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò tíì gbọ́, báwo la ṣe fẹ́ kọ́ ọ?